Kíkọ Ìlànà Ìdánwò fún Ètò Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, kókó ọ̀rọ̀ wa ni àkọsílẹ̀ tí ó ń tọ́ ènìyàn sọ́nà láti dán ètò kọ̀ǹpútà wò. Ètò tí a ní lọ́kàn ni irú èyí tí a ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni sì lè bá wọn tún un ṣe. Àpẹẹrẹ kan nítòsí wa ni YorubaName.com, ìwé atúmọ̀ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ ní 2015. Kóòdù rẹ̀ wà lórí GitHub.

Kí ni à ń pè ní ìdánwò níhìn-ín? Kóòdù kékeré ni, tí ó ń bi kóòdù ńlá léèrè bóyá ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹ wo orúkọ náà, Adébọ̀wálé. Ẹnì kan lè tẹ ọ, kí ó wá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí. Ẹlòmíràn lè tẹ ò, kí ó wá fi àmì kékeré sí i nísàlẹ̀. Lójú àwa tí à ń kà á, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, nǹkan méjì ni, nítorí pé Unicode, tí ó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ̀. Bí ètò kò bá sọ méjèèjì di ọ̀kan, Adébọ̀wálé yóò wá orúkọ rẹ̀ tì nínú ìwé tí orúkọ náà wà. Ìdánwò ni yóò tú àṣìṣe yìí fó.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ń ní: “Ṣe ìdánwò kí o tó fi iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́.” Báwo? Láti inú fódà wo? Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Maryland, tí ó gba ọ̀nà Mobolaji Bank Anthony lọ ra kọ̀ǹpútà àlòkù ní Computer Village, Ìkẹjà. Owó ara rẹ̀ ni ó fi ń ra dátà, iná sì lè lọ nígbàkígbà. Bí ó bá fi odindi alẹ́ kan ṣe wàhálà lásán, ó lè má padà wá mọ́; bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó mọ àmì ohùn. (Àwa olùkọ́ náà mọ̀ pé ìbéèrè tí ìtọ́ni rẹ̀ kò yé ni kì í wọn ìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.)

Nítorí náà, bí ètò bá jẹ́ ti Python, kí àkọsílẹ̀ sọ irú Python tí ó fẹ́ àti ìwọ̀n dátà tí ohun tí a ó gbà wọlé yóò jẹ. Kí ó kọ àṣẹ náà ní kíkún: python -m pytest. Kí ó fi bí a ṣe ń dán fáìlì kan ṣoṣo wò hàn, kí ẹni tí ó tún àmì ohùn ṣe má baà dúró de gbogbo ìyókù. Kí ó ṣàlàyé pé “passed” ni pé ó yege, “failed” ni pé ó kùnà. Ṣùgbọ́n ModuleNotFoundError sábà máa ń túmọ̀ sí pé ohun èlò kan ni a kò tíì gbà wọlé, kì í ṣe pé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà kò dára.

Lẹ́yìn èyí, kí a gbé e fún ẹni tí kò rí ètò náà rí, kí a jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ibi tí ó bá ti dúró, inú àkọsílẹ̀ ni kí a ti dá a lóhùn.