Àtúnṣe Àwòrán Gbọọrọ Tó Mú Ògiri Títọ́ Wọ́

Ẹni tó bá fẹ́ ya odi gígùn kan láti igun dé igun ní Ìyìn-Èkìtì kì í sábà rí àyè fà sẹ́yìn, nítorí títì wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé sì wà lódìkejì. Ìdí nìyí tí a fi ń lo ojú fífẹ̀ fóònù, èyí tí wọ́n kọ 0.5 sí lára ọ̀pọ̀ fóònù, tàbí kí a máa yí fóònù díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Àwòrán náà á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n odi títọ́ á tẹ̀ bí ọrun, olóyè tó jókòó sí ìparí ìlà á sì fẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Bó bá jẹ́ àwòrán ìnáwó, a ó rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ti ògiri tí ìjì bàjẹ́, tí onílé fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí, ta ni yóò mọ̀ bóyá ògiri ló wọ́ tàbí àwòrán?

Ohun mẹ́ta ló ń fà á, oògùn wọn kò sì jọra. Lẹ́ǹsì fífẹ̀ máa ń mú ìlà tó wà létí àwòrán yọ ikùn síta bí àgbá. GIMP, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ní àtúnṣe èyí: ẹ lọ sí Filters, lẹ́yìn náà Distorts, kí ẹ wá yan Lens Distortion. Bí a bá sì gbé ojú fóònù sókè, ògiri á dà bí ẹni pé ó ń ṣubú sẹ́yìn. Perspective inú Snapseed lórí fóònù lè tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Ẹ bó ọsàn, kí ẹ tẹ́ èèpo rẹ̀ sórí tábìlì: àfi kó ya tàbí kó fẹ̀ níbì kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán tí a yí fóònù yà ṣe rí. Ìlà tó ga ju ojú fóònù lọ á tẹ̀ sókè láàárín, èyí tó rẹlẹ̀ á tẹ̀ sísàlẹ̀, èyí tó bá ojú fóònù dọ́gba nìkan ni yóò tọ́. Ó sàn kí ẹ ya àwòrán lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìdá mẹ́ta ọ̀kan jọ wà nínú àwọn méjì tó tẹ̀ léra, kí ẹ sì fi Hugin, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, so wọ́n pọ̀. Níbi Projection, Rectilinear máa ń jẹ́ kí ìlà títọ́ wà ní títọ́, ṣùgbọ́n bí àwòrán bá ti fẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 120, etí rẹ̀ á nà jù. Panini, tí a fi orúkọ ayàwòrán ará Ítálì kan ní ọ̀rúndún kejìdínlógún pè, wà láàárín méjèèjì. Ní ti òkè bíi Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí kò ní ìlà títọ́ kankan, Cylindrical tó. Àwa kì í tilẹ̀ dà á láàmú.

Gbogbo àtúnṣe wọ̀nyí ló máa ń gé etí àwòrán, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ yíká ohun tí ẹ ń yà. Ẹ má ṣe pa àwòrán àkọ́kọ́ rẹ́. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀rí, ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ tún ṣe. Kí ẹ tó yà á, ẹ so òkúta mọ́ okùn, bí àwọn bíríkìlà ti ń ṣe, kí ẹ fi kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà. Nígbà tí ẹ bá ń tún àwòrán ṣe, ẹ dúró níbi tí okùn náà bá ti tọ́. Bí ògiri bá ṣì dagun nígbà náà, ògiri ló dagun.