Ọtí inú igi, igi inú ọtí

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi ìlú Enugu ṣe ilé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀sìn yín kò fàyè gba ọtí, ẹ má bínú sí mi lónìí. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ju ti ọtí lọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Níbi ìkómọjáde kan ní Independence Layout, ọmọ wa kan tó ti òkè òkun dé gbé ìgò kékeré kan síwájú àwọn àgbà. Wísíkì ilẹ̀ Japan ni, èyí tí wọ́n tọ́jú sínú àgbá igi mizunara, igi óákù ilẹ̀ wọn. Ìdérí ìgò ló fi wọ̀n ọ́n fún wa. Bàbá kan gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní, “Ta ló ń sun tùràrí níbí?” Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n bàbá kò ṣìnà. Òórùn bíi tùràrí ni wọ́n fi ń dá mizunara mọ̀. Èmi náà tọ́ ọ wò: ó kọ́kọ́ dùn bí oyin, ó wá ta bí atalẹ̀, òórùn igi náà sì pẹ́ lẹ́nu mi.

Iṣẹ́ sùúrù ni. Ní 1918 ni Masataka Taketsuru lọ sí Scotland láti kọ́ iṣẹ́ wísíkì. Ní 1923, Shinjiro Torii bẹ̀rẹ̀ ilé ìpọntí Yamazaki nítòsí Kyoto, Taketsuru sì bá a ṣiṣẹ́. Àgbá òkè òkun ni wọ́n ń lò. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dí ọ̀nà, wọ́n yíjú sí igi ilé. Igi náà le koko láti lò: kì í gùn gbọọrọ, àgbá rẹ̀ ń jò, ó sì lè tó igba ọdún kí ó tó tóó gé. Àwọn tó kọ́kọ́ mu ún kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún nínú àgbá kí adùn rẹ̀ tó yọ. Ní August 2020, wọ́n lu ìgò Yamazaki ọlọ́dún 55 kan, tí mizunara wà lára àgbá tó gbé e, ní gbàǹjo ní Hong Kong. Owó rẹ̀ lé ní $790,000.

Bàbá kejì mi orí, wọ́n ní, “Àwọn fi ọtí sínú igi, àwa ń fi igi sínú ọtí.” Òótọ́ ni. Kí ni paraga bí kò ṣe egbò àti èèpo igi tí a rẹ sínú ògógóró? Ògógóró náà kì í sì í ṣe ọtí yẹpẹrẹ. Ẹmu ògùrọ̀, èyí tí àwọn onílé wa níbí ń pe igi rẹ̀ ní ngwo, ni a ń jẹ́ kó kan, tí a ó sè é nínú dúrọ́ọ̀mù. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á sì máa kán tó. Àwọn òyìnbó amúnisìn sọ ọ́ di ọtí tí òfin kò fọwọ́ sí, nígbà tí jíìnì tiwọn ń wọlé, tí wọ́n ń gbowó ibodè lórí rẹ̀.

Ohun tí a bá ń ṣe ní kọ̀rọ̀, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Ní April 2015, ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn ń ké pé orí ń fọ́ àwọn, ojú àwọn ń ṣú. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá ẹlòmíràn. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, àwọn mìíràn ní oògùn apako ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol ni, májèlé tó wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers lọ́dún náà, ìjọba sì fòfin de ògógóró ní June 2015. Ojú kò lè rí methanol, imú kò sì lè gbóòórùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọtí gidi.

Japan náà ní ayédèrú tiwọn: àwọn kan ń ra wísíkì ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń lẹ orúkọ Japan mọ́ ọn. Ní April 2021, ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn apọntí fúnra wọn gbé kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé nílẹ̀ Japan ni kí a ti pọn ọ́n, kí ó sì lo ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, nínú àgbá onígi. Èyí ni mo fẹ́ ká kọ́ lára wọn. Ní Èkó, àwọn tó ń ṣe ògógóró Pedro’s ti ń gbé e sínú ìgò tó níyì. Ó ṣeé ṣe.

Ní tiwa tí a wà lájò, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó se ọtí tí a fẹ́ gbé síwájú àlejò. Bí ẹnikẹ́ni bá mutí, tí ojú rẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì lọ́jọ́ kejì, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má ní kó lọ sùn. Ẹ gbé e lọ sí Parklane tàbí UNTH ní Ituku-Ozalla kíákíá. Ẹni tó bá kú sájò, ilé rẹ̀ jìnnà.