Bí Olóde Bá Wọ Agbo Ilé, Kí Ni Aboyún Máa Ṣe?

   Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ ní wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni. Àwa máa sọ ọ́ síta.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ lóyún oṣù mẹ́rin. Ẹ jókòó ti ọjà yín, ọmọ ẹni tí ẹ jọ ń tà sùn lé yín lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọmọ náà ò wá sọ́jà. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ gbọ́ pé ìléròrò ti bo ọmọ náà lára. Kí lẹ máa ṣe? Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín á sọ: "Ara mi le. Mi ò rí nǹkan kan lára mi. Ẹ jẹ́ n ṣì máa wò ó ná."

Ẹ má wò ó. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ni kí ẹ jẹ́ kí sage-femme yín gbọ́. Bí ẹ bá dúró títí ìléròrò fi yọ lára yín, ọ̀nà kan ti dí mọ́ wa lọ́wọ́.

Àrùn wo là ń sọ?

Ní centre de santé, varicelle lorúkọ ẹ̀. Nínú ilé wa, àwọn kan ń pè é ní ilẹ̀gbóná, àwọn kan ń pè é ní olóde. Ibà á kọ́kọ́ mú ọmọ, lẹ́yìn náà nǹkan pupa wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀ẹ́ á yọ sí i láyà, lẹ́yìn, lójú, lórí. Nǹkan pupa yìí á di ìléròrò tó ní omi nínú, á máa yún un, á wá gbẹ, á sì di èépá. Bí àwọn kan ṣe ń gbẹ ni àwọn tuntun á tún máa yọ.

Olóde yìí kan náà làwọn àgbà fi ń pe Ṣànpọ̀nná, tí àwọn ará Fọ̀n ń pè ní Sakpata. Ẹ jẹ́ ká ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Àrùn Ṣànpọ̀nná, tí ó ń pa odindi agbo ilé, tí ó ń fọ́ ènìyàn lójú, ti tán láyé. Ní Somalia, ní 1977, ni wọ́n ti rí ẹni ìkẹyìn tó kó o bí àrùn ṣe ń ràn káàkiri. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, kéde pé ó ti tán pátápátá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló lé e lọ. Varicelle ní tirẹ̀ ò lọ. Kòkòrò ẹ̀ yàtọ̀, ó ṣì wà láàárín wa.

Ṣùgbọ́n nítorí pé a fi orúkọ kan náà pè wọ́n, ìbẹ̀rù àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀. Wọn kì í fẹ́ pe orúkọ ẹ̀. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ, wọn ò ní sọ fún alájọgbé, wọ́n á ní olóde ò fẹ́ abẹ́rẹ́. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó jogún lọ́wọ́ bàbá ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yìí ń ṣe aboyún ní ibi. Bí ẹ kò bá fẹ́ pe orúkọ ẹ̀, ẹ kàn sọ pé: "Ara ọmọ wa ò yá, kí aboyún má wọlé wá." Ìyẹn nìkan tó.

Báwo ló ṣe ń ràn?

Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Bí ọmọ bá wúkọ́, bí ó bá sín, bí ó bá kàn ń mí lásán, kòkòrò ń jáde. Omi inú ìléròrò náà ń ran ènìyàn. Ohun tó wá burú jù ni pé ọmọ ti ń ràn án láti bí ọjọ́ kan tàbí méjì kí nǹkan kan tó yọ lára ẹ̀. Kò ní dáwọ́ dúró títí gbogbo ìléròrò náà á fi di èépá. Bí ènìyàn 10 tí kò ṣe é rí bá ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú aláìsàn, bíi 9 nínú wọn ló máa kó o.

Tí ẹ bá kàn gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà kọjá nínú ọjà, ìyẹn ò le. Èyí tí à ń bẹ̀rù ni pé kí ẹ jọ wà nínú yàrá kan fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ jọ kojú síra yín sọ̀rọ̀, kí ẹ gbé ọmọ náà mọ́ra, kí ẹ pọ̀n ọ́n. Àwọn àgbàlagbà tó ní zona, ìyẹn ìléròrò tó máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ kan ara tó sì máa ń ta bí iná, kòkòrò kan náà ni. Kí aboyún tí kò ṣe varicelle rí má fọwọ́ kan ojú ibẹ̀.

Ta ni kò níí bẹ̀rù?

Ẹni tó bá ti ṣe varicelle rí, ara ẹ̀ ti mọ kòkòrò náà, kì í sábà padà ṣe é. Nítorí náà, ẹ bi ìyá yín, ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín: "Ǹjẹ́ mo ṣe é ní kékeré?" Ẹ má kàn sọ pé dandan ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ní ilẹ̀ òtútù bíi Faransé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ ló ń ṣe é kí wọ́n tó dàgbà. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dàgbà láìṣe é rí. Àwọn obìnrin wa tó ń lóyún láìní ààbò pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ má sì fi rougeole pè é. Abẹ́rẹ́ rougeole tí wọ́n gún yín tàbí ọmọ yín kò bo varicelle. Varicelle ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Dókítà Michiaki Takahashi, ará Jàpáànù, ló ṣe é ní 1974, lẹ́yìn tí varicelle ti fojú ọmọ tirẹ̀ rí màbo. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yìí kò sí lára àwọn tí ìjọba Benin ń fún àwọn ọmọ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá rí i rà, kó gbà á ṣáájú oyún, kó sì dúró fún oṣù kan kó tó lóyún. Wọn kì í gún aboyún ní abẹ́rẹ́ yìí.

Kí ló lè ṣe?

Lára ìyá: varicelle tó ṣe ọmọdé ní pẹ̀lẹ́ lè le lára àgbàlagbà, pàápàá aboyún. Ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kó di òtútù àyà, kí èémí má tó o mọ́. Bí oyún bá ti ń dàgbà ni èyí ń léwu sí i.

Lára ọmọ inú: bí ìyá bá ṣe é kí oyún tó pé oṣù mẹ́fà sí méje, ó lè kan ọmọ lára, lójú, lọ́pọlọ, tàbí kó mú kí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kéré. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ìgbà tó léwu jù ni láti ọ̀sẹ̀ 13 sí ọ̀sẹ̀ 20. Kódà nígbà yẹn, bí obìnrin 100 bá ṣe é, ọmọ bíi 2 péré ló máa ń ní àbùkù yìí. Àwọn 98 yòókù kò ní i. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù mú yín lọ ba oyún jẹ́. Kéèyàn pàdé àrùn yàtọ̀ sí kéèyàn kó o, kéèyàn kó o sì yàtọ̀ sí kó dé ara ọmọ. Bí ẹ bá ṣe é, dókítà á ní kí ẹ ṣe échographie lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, láti wo ọmọ.

Lára ọmọ tuntun: ìgbà kejì tí à ń bẹ̀rù ni ìgbà ìbí. Bí ìléròrò bá yọ lára ìyá láti ọjọ́ 5 ṣáájú ìbí títí di ọjọ́ 2 lẹ́yìn ẹ̀, ọmọ á kó àrùn láìrí ààbò gbà lára ìyá ẹ̀. Kí oògùn tó wà, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ń kú tó 3 nínú 10. Lónìí, bí àwọn tó ń gbẹ̀bí bá tètè mọ̀, wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo ọmọ náà. Ẹ má bímọ sílé nírú àsìkò yìí.

Ó yá, kí lẹ máa ṣe?

Èkíní, ẹ ka ọjọ́. Ẹ fi èédú fa ìlà sára ògiri, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ yín kọ ọ́ sínú fóònù: ọjọ́ wo ni mo wà pẹ̀lú ọmọ yẹn? Àrùn náà máa ń wà nínú ara fún ọjọ́ 10 sí 21 kó tó yọ.

Ìkejì, ẹ mú carnet yín, ẹ lọ bá sage-femme. Á bi yín pé oyún ti pé ọ̀sẹ̀ mélòó, pé ẹ ti ṣe é rí tàbí ẹ ò ṣe é rí, pé báwo lẹ ṣe pẹ́ tó pẹ̀lú aláìsàn. Tí kò bá dá yín lójú, wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ààbò wà nínú ẹ̀.

Ìkẹta, tí ààbò ò bá sí, oògùn wà. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní immunoglobuline. Ààbò tí wọ́n gbà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti ní i ni. Láàárín ọjọ́ 10 àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gún un. Ó wọ́n, kì í sì í sí níbi gbogbo. Oògùn oníhóró kan náà tún wà, aciclovir. Láti 2022, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni wọ́n ń fún aboyún tó pàdé varicelle láìní ààbò, wọ́n sì sábà ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní ọjọ́ keje. Ṣé ẹ rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ má wò ó? Ọjọ́ wọ̀nyí ń lọ nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má fúnra yín rà á, ẹ má sì rà á lórí igbá ojú pópó. Dókítà ló máa sọ bóyá kí ẹ lò ó àti iye tí ẹ máa lò.

Ìkẹrin, láti ọjọ́ kẹjọ títí di ọjọ́ 21, ẹ jìnnà sí àwọn aboyún mìíràn àti ọmọ tuntun. Tí wọ́n bá gún yín ní immunoglobuline, ẹ kà á dé ọjọ́ 28.

Ìkarùn-ún, tí nǹkan kan bá yọ lára yín, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Aciclovir ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láàárín wákàtí 24. Ẹ pe ilé ìwòsàn lórí fóònù kí ẹ tó lọ, tàbí kí ẹ rán ènìyàn ṣáájú. Ẹ má wọ inú maternité lọ jókòó sáàárín àwọn aboyún ẹgbẹ́ yín. Wọ́n á fi yín síbi ọ̀tọ̀.

Bí èémí bá ń kúrú, bí àyà bá ń dùn yín, bí orí bá ń fọ́ yín gan-an, bí ẹ bá ń bì láìdáwọ́ dúró, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lójú ara, hôpital de zone ni ẹ máa lọ tààrà. Ìbáà jẹ́ Kaboua tàbí Kilibo lẹ wà, ìbáà jẹ́ òru, ẹ má dúró dé ilẹ̀ mọ́.

Nínú ilé, paracétamol ni fún ibà, bí wọ́n bá ṣe júwe ẹ̀ fún yín. Kò sí aspirine, kò sí ibuprofène, ìbáà jẹ́ fún aboyún tàbí fún ọmọ tó ní varicelle. Ẹ gé èékánná ọmọ, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́. Ẹ má ha ojú ìléròrò, ẹ má fi àgúnmu sí i. Tí ìléròrò bá sì yọ sí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tí kókó wú lọ́rùn, ẹ tètè lọ fi han dókítà, torí mpox máa ń fara jọ varicelle.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ọwọ́ yín ló kù sí

Mo mọ ìdí tí ìyá fi ń gbé ọmọ tí ara ẹ̀ ò dá wá sọ́jà. Bí ò bá tà, wọn ò ní jẹun. Tí a bá kàn ń bá a wí, á fi aṣọ bo ọmọ náà, á tún gbé e wá. Ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́. Bí ìyá náà fúnra ẹ̀ bá ti ṣe é rí, kó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà tó ti ṣe é rí, kó wá ta ọjà ẹ̀. Bí kò bá ṣe é rí, kí àwọn tí wọ́n jọ ń dá àjọ bá a ta ẹrù ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Èépá máa ń bo gbogbo ẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan ò pọ̀ jù láti fi gba ọmọ ẹlòmíì là.

Kí ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń ṣe é sọ ọ́ síta. Kí ẹni tó lóyún ka ọjọ́, kó sì lọ lọ́jọ́ tó bá gbọ́. Aboyún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun lóyún. Nítorí tirẹ̀, ẹ má dákẹ́.