Ìtàdógún àti Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ọjọ́ Ifá

Nínú iṣẹ́ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà tó kan àwa ọmọ awo gbọ̀ngbọ̀n. Wọn á ní kó mú déètì méjì, kó sọ iye ọjọ́ tó wà láàárín wọn, tàbí kó mú déètì kan, kó sọ ọjọ́ tó bọ́ sí nínú ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni lójú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ awo bá ní kí kọ̀ǹpútà máa fi ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin tiwa sọ ọjọ́ Ifá fún òun, ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe ọjọ́ kan péré ti tó láti gbé obì Ọ̀rúnmìlà lọ sí ọjọ́ Ògún.

Ìkà àwọn baba wa

Ọjọ́ mẹ́rin ló wà nínú ọ̀sẹ̀ wa: ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó, àti ọjọ́ Ọbàtálá. Síbẹ̀, ọrún ni àwọn àgbà ń pè é, ọ̀rọ̀ tó sì ń tọ́ka sí márùn-ún ni. Kí ló fà á? Àwọn baba wa máa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn ni. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Awo, òní ni ení, ọjọ́ Ògún ni èjì, ọjọ́ Jàkúta ni ẹ̀ta, ọjọ́ Ọbàtálá ni ẹ̀rin, ọjọ́ Awo mìíràn ló wá di àrún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsán, tó ń tọ́ka sí mẹ́sàn-án, ṣe jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tí í ṣe ọjọ́ 8. Ìtàdógún, tó ń tọ́ka sí mẹ́tàdínlógún, jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ 16.

Kọ̀ǹpútà kì í kà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yọ déètì àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì ni. Bí a bá ní kó ka láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 17, 16 ni yóò sọ. Àgbà yóò ní 17. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì: àgbà ń ka àwọn ọjọ́ fúnra wọn, kọ̀ǹpútà ń ka ìgbà tí ilẹ̀ ṣú tó sì mọ́ láàárín wọn.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní ilé kan ṣe ọ̀sẹ̀ Ifá ní ọjọ́ 1, oṣù kìn-ín-ní, 2024. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Kálukú ni yóò fi ọjọ́ ilé tirẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ gbọ́ ọrún, ó wá ní kí kọ̀ǹpútà máa fi márùn-ún kún un. Èsì tí yóò rí ni ọjọ́ 6, 11, 16 àti 21. Ọjọ́ 6 jẹ́ ti Ògún, 11 jẹ́ ti Jàkúta, 16 jẹ́ ti Ọbàtálá. Ọjọ́ 21 ló tó padà bọ́ sí ọjọ́ Awo. Ẹ wò ó, ẹni tó bá fi ọjọ́ 21 nìkan dán ètò náà wò yóò rò pé ó pé!

Ọ̀nà tó tọ́

Kí ilé kan kọ́kọ́ mú ọjọ́ Awo kan tó dá wọn lójú, kí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà yọ ọ́ kúrò nínú ọjọ́ tí a ń wá, kó sì pín èsì sí mẹ́rin-mẹ́rin. Bí kò bá ṣẹ́kù, ọjọ́ Awo ni. Bí ó bá ṣẹ́ ku 1, ọjọ́ Ògún ni, 2, Jàkúta, 3, Ọbàtálá.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fi ọwọ́ ṣe é. Oṣù ọlọ́jọ́ 31 ń ṣẹ́ ku 3, oṣù ọlọ́jọ́ 30 ń ṣẹ́ ku 2. Oṣù kejì kì í ṣẹ́ ku nǹkan kan, àfi bó bá ní ọjọ́ 29, tí yóò ṣẹ́ ku 1. Ọdún ọlọ́jọ́ 365 ń ṣẹ́ ku 1, èyí tó ní 366 ń ṣẹ́ ku 2. Ọdún 2024 ní ọjọ́ 366; nítorí náà, nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2025 bọ́ sí Jàkúta, ọjọ́ Awo sì di ọjọ́ 3. Kí a má sì gbàgbé pé ọdún 1900 kò ní ọjọ́ 366, ṣùgbọ́n ọdún 2000 ní in. Ọdún tó parí sí òdo méjì gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí 400 kó tó gba ọjọ́ kan lé.

Ohun méjì tún kù tí ọmọ awo gbọ́dọ̀ ṣọ́. Bí ọjọ́ tí a ń wá bá ṣáájú ìpìlẹ̀, bí irú ọjọ́ ìbí ẹnì kan, èdè kọ̀ǹpútà kì í fẹnu kò. Fún ọjọ́ kan sẹ́yìn, Python yóò ní ó ṣẹ́ ku 3, èyí tí í ṣe Ọbàtálá, ó sì tọ́. C yóò mú -1 wá. Kí a fi 4 kún un, yóò di 3. Èkejì ni pé ilẹ̀ kì í mọ́ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Bí aago kan òru bá lù ní Èkó, aago mẹ́sàn-án alẹ́ àná ni ní Salvador ní Brazil. Kí ètò náà sọ déètì ìlú tó ń lò.

Èyí kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹni tó wà lókè òkun, tí kò ní àgbà nítòsí, ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ ni yóò fi bọ Ifá. Bí ètò náà bá sì yàtọ̀ sí ìkà ilé, àwọn ọ̀dọ́ kan á ní àgbà ni kò mọ ìṣirò. Ẹ̀yin ọmọ awo, ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní irú ètò bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti gbé e síwájú àgbà, kí ẹ sì jọ fi ìka ka ọrún mẹ́rin tó tẹ̀ léra. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé òní wà nínú ìkà yín.

Àbọrú, àbọyè.