Nígbà Tí Ọ̀rọ̀ Orin Bá Sọnù Lójú Ògiri: Láptọ́ọ̀pù Kan, Ojú Méjì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìwàásù. Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ni, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbé sórí tábìlì nítòsí ẹgbẹ́ akọrin, tí wọ́n sì fi wáyà so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá tàbí mọ́ ẹ̀rọ projector tí ń ju àwòrán sára ògiri, kí ìjọ lè rí ọ̀rọ̀ orin àti ẹsẹ Bíbélì kà.

Agbègbè wa yìí mọ ìwúlò irú ojú ńlá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Láti ọdún 1983 ni Ìjọ Ìràpadà ti tẹ̀dó sí ibùdó rẹ̀ nítòsí Mowe, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Lójú ọ̀nà kan náà, ní ìhà Ibafo, ni Prayer City ti ìjọ Mountain of Fire wà. Níbi tí èrò bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò lè rí oníwàásù láìsí ojú ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọ ńlá ní àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tiwọn. Àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni ìjọ kéékèèké inú àdúgbò, ní Mowe, ní Ibafo, àti títí dé Ifọ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, níbi tó jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé gíga ni gbogbo iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Akọrin ti dá orin, ìjọ ti dìde, ògiri sì ṣófo. Ọ̀rọ̀ orin wà lójú láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n àwòrán òdòdó nìkan ni ìjọ ń rí. Ọ̀dọ́ náà á mi wáyà, á pa láptọ́ọ̀pù, á tún un tàn. Kí ó tó jí, orin ti parí. Àwọn àgbàlagbà tí kò mú ìwé orin wá nítorí pé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ògiri á kàn máa mi orí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ń bá ẹ̀mí tó ń da ìsìn rú wí. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà o, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bọ́tìnnì méjì péré ni wàhálà náà ń béèrè.

Kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà ni kí a mọ ohun tí kọ̀ǹpútà rò pé òun ní. Bí a bá so ojú kejì mọ́ ọn, ó lè mú un ní ọ̀nà méjì. Ó lè kà á sí dígí tí ń ṣàfihàn ohun kan náà tó wà lójú láptọ́ọ̀pù. Duplicate ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó sì lè kà á sí yàrá kejì nínú ilé kan náà, tó ṣófo títí a ó fi gbé nǹkan wọ inú rẹ̀. Extend ni orúkọ ìyẹn. Ògiri tó ń fi òdòdó hàn kò bàjẹ́ rárá. Yàrá kejì ni, kò sì tíì sí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ orin wọ ibẹ̀. Láti ìgbà Windows 7, tó jáde lọ́dún 2009, bí a bá tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì Windows pọ̀ mọ́ lẹ́tà P, ọ̀nà méjèèjì yìí á jáde pẹ̀lú méjì mìíràn: ojú láptọ́ọ̀pù nìkan, tàbí ojú kejì nìkan. Bákan náà ló rí nínú Windows 10 àti Windows 11.

Ọ̀pọ̀ ló ń yan Duplicate nítorí pé ó rọrùn. Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí ìjọ lò ó nígbà ìsìn, ìdí rẹ̀ sì ju ti ẹwà lọ. Láptọ́ọ̀pù tí a ń lò fún orin ni akọ̀wé ìjọ sábà fi ń kọ lẹ́tà, òun náà ni WhatsApp wà lórí rẹ̀, òun náà ni ìwé owó ìdámẹ́wàá wà nínú rẹ̀. Arábìnrin kan lè fi ọ̀rọ̀ ìdílé rẹ̀ ránṣẹ́ sí pásítọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ó bá òun gbàdúrà. Bí dígí bá ni ògiri, ọ̀rọ̀ náà á yọ gàdàgbà lójú gbogbo ìjọ, kò sì sí ẹni tó lè kó o padà. Nínú Extend, ojú tí a bá fi ṣe àkọ́kọ́ ni irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń yọ. Nítorí náà, ojú láptọ́ọ̀pù ni kí ó jẹ́ àkọ́kọ́: ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà System, lẹ́yìn náà Display, ẹ tẹ àwòrán láptọ́ọ̀pù, kí ẹ sì yan Make this my main display. Kí ẹ sì pa ìkìlọ̀ gbogbo kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

Níbẹ̀ kan náà ni ẹ ó ti rí àpótí méjì tí a kọ 1 àti 2 sí. Bí ẹ bá tẹ Identify, nọ́ńbà á hàn gàdàgbà lójú kọ̀ọ̀kan. Bí tẹlifíṣọ̀n bá wà ní ọwọ́ òsì ọ̀dọ́ yín, tí àpótí 2 sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún, atọ́ka máòsì á máa sọnù, nítorí pé ibi tí ọwọ́ ń wá a kọ́ ni ilẹ̀kùn yàrá kejì wà. Ẹ fi máòsì fa àpótí náà sí ìhà tí tẹlifíṣọ̀n wà ní tòótọ́, kí ẹ tẹ Apply.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ibi tó kan àwa ará Ògùn jù lọ, èyíinì ni iná. Bí iná ìjọba bá lọ láàárín ìsìn, tẹlifíṣọ̀n á kú, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, kò ní kú. Ohun tí ó rí ni pé yàrá kejì ti wó, á sì kó gbogbo ẹrù ibẹ̀ wá sí yàrá àkọ́kọ́. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá gbé iná dé, yàrá náà á padà, ṣùgbọ́n ẹrù lè má padà síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ orin fi ń sọnù lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ ju ìgbà mìíràn lọ. Ẹni tó ní Windows 11 lè wọ Display, lẹ́yìn náà Multiple displays, kí ó rí i pé Remember window locations based on monitor connection ti ní àmì. Kọ̀ǹpútà á máa gbìyànjú láti dá ẹrù padà sí àyè rẹ̀.

Bí kò bá dá a padà, ẹ má pa láptọ́ọ̀pù. Ẹ tẹ Alt àti Tab títí ètò orin náà á fi dé iwájú, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì Windows, Shift àti ọfà ọ̀tún tàbí ti òsì pọ̀. Ètò náà á fò láti ojú kan sí èkejì. Ìgbà mìíràn, ètò náà á ṣí sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní hàn níbì kankan, bí ẹni pé ó já bọ́ sẹ́yìn ilé. Ẹ tẹ Alt pẹ̀lú ọ̀pá àlàfo, lẹ́yìn náà lẹ́tà M, kí ẹ tẹ ọfà kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì mi máòsì. Á lẹ̀ mọ́ máòsì wá. Ẹ wo tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú: lẹ́yìn tí iná bá padà, àwọn kan a máa jí sí ojú ihò wáyà mìíràn, bíi HDMI 1 dípò HDMI 2. Rìmóòtù ni ẹ ó fi tún èyí ṣe, kò kan láptọ́ọ̀pù.

Ní ti àwòrán tó fẹ̀ jù tàbí tó kéré jù, ìwọ̀n ojú méjèèjì ni kò bára mu. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ jẹ́ 1366 sí 768, ọ̀pọ̀ projector àtijọ́ jẹ́ 1024 sí 768, tẹlifíṣọ̀n sì sábà jẹ́ 1920 sí 1080. Nínú Duplicate, àwọn méjèèjì ní láti pín ìwọ̀n kan, ẹnìkan nínú wọn á sì jìyà rẹ̀. Nínú Extend, kálukú á gba tirẹ̀, èyí tí Windows kọ Recommended sí. Bí etí lẹ́tà bá ń gé lójú tẹlifíṣọ̀n nìkan, inú ètò àwòrán tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ó ń na àwòrán kọjá férémù ni.

Ẹ̀yin oníwàásù tó ń lo PowerPoint, ẹ fetí sílẹ̀. Ètò náà ní ojú kan fún ìjọ àti ojú kan fún yín, níbi tí àkọsílẹ̀ yín wà. Bí méjèèjì bá ṣe pàṣípààrọ̀, ìjọ á máa ka ohun tí ẹ kọ fún ara yín. Ẹ wọ Slide Show, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Monitor sí, kí ẹ sì yan ojú kejì. Àwọn ètò orin bíi EasyWorship náà ní ibi tí a ti ń yan ojú tí orin á ti jáde.

A tún gbọ́ ẹ̀sùn pé ohùn fídíò kì í jáde. Wáyà VGA, tó ti wà láti ọdún 1987, àwòrán nìkan ló ń gbé. HDMI ń gbé méjèèjì, ìyẹn náà ló sì fi máa ń já ohùn gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè ìjọ, tí á gbé e lọ sínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ tẹ àmì ohùn nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ yan ibi tí ohùn á gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ìfidánrawò akọrin, kí ọ̀dọ́ yín mọ̀ọ́mọ̀ yọ wáyà iná tẹlifíṣọ̀n nígbà tí orin wà lójú rẹ̀, kí ó tún un kì bọ̀ ọ́, kí ó sì wo ohun tó sọnù. Kí ó ṣe é títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ́ ọn. Bí ògiri bá sì dúdú pátápátá tí kò sí ohun tó mú un yẹ̀, bọ́tìnnì Windows, Ctrl, Shift àti B ló kù láti tẹ̀ pọ̀. Ojú á ṣókùnkùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ̀ǹpútà á dún díẹ̀, á sì tún àwòrán bẹ̀rẹ̀ láìpa ohunkóhun tí ẹ ti ṣí.