Ìkìlọ̀ Tí A Kò Gbà: Ọkọ̀ Òfurufú Tí Ó Já Ní Ìjú-Ìṣàgà

Li ọjọ́ kan a wọ danfo ní Okokomaiko, à ń lọ sí Mile 2. Kí a tó dé ìyànà Ìbà ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ìyá àgbà kan wí fún awakọ̀ pé, “Ọmọ mi, jọ̀wọ́, dúró kí o wò ó.” Ó dáhùn pé, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo mọ ọkọ̀ mi.” Nígbà tí a kọjá Ọ̀jọ́ díẹ̀, ọkọ̀ náà kú sí àárín títì, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wa. Ọlọ́run ni ó yọ wá. A sọ̀kalẹ̀, a sì fi ẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà li òfurufú, níbo ni yóò sọ̀kalẹ̀ sí?

Ọ̀rọ̀ yìí mú wa rántí ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 3 oṣù Júùnù, ọdún 2012. Li ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọkọ̀ òfurufú ilé-iṣẹ́ Dana gbéra ní Àbújá, ó ń bọ̀ wá sí Èkó. Èrò 147 ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 6. Nígbà tí ó tó agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀dógún, ó já lu ilé àwọn ènìyàn ní Ìjú-Ìṣàgà, ní nǹkan bí kìlómítà 10 sí pápá Ìkẹjà. Kò sí ẹnìkan nínú ọkọ̀ tí ó yè, ènìyàn 6 sì kú pẹ̀lú wọn nílẹ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè ṣọ̀fọ̀ li ọjọ́ 3.

Li ọdún 2017 ni àjọ tí ń wádìí ìjàmbá ọkọ̀ òfurufú gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ìṣẹ́jú 17 lẹ́yìn tí wọ́n gbéra ni agbára ẹ̀rọ kan lọ. Láti ìgbà náà títí ọkọ̀ fi já, ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Àbújá kò tíì jìnnà lẹ́yìn wọn, pápá sì wà ní Ìlọrin níwájú. Ṣùgbọ́n àwọn atukọ̀ kò yà sí ibi tí ó súnmọ́ wọn. Wọn kò ṣí ìwé àyẹ̀wò tí a kọ fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀, wọn kò sì mọ bí ewu náà ti pọ̀ tó. Nígbà tí wọ́n ń múra láti balẹ̀, ẹ̀rọ kejì kọ̀ láti dáhùn. Ìgbà náà ni wọ́n ké fún ìrànlọ́wọ́, ó sì ti bọ́.

Kì í ṣe pé ọ̀gá atukọ̀ náà jẹ́ ọ̀gbẹ̀rì: ó ti wa ọkọ̀ òfurufú ju wákàtí 18,000 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé, mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, iyán ewùrà kò ní ṣàì lẹ́mọ. Àwa tí a ti ń ka ìlànà ìsìn láti ìgbà èwe wa, bí a tilẹ̀ mọ̀ ọ́n sórí, ìwé wà li ọwọ́ wa nígbà gbogbo. Nítorí pé li àkókò ìpayà ni ohun tí a mọ̀ sórí í sá kúrò li ọkàn.

A kò kọ èyí láti fi òkú ṣe ẹlẹ́yà. Nítorí àwọn alààyè ni a ṣe kọ ọ́. Kékeré li a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin awakọ̀ ọ̀nà Badagry, bí ọkọ̀ bá kìlọ̀ fún yín, ẹ dúró níbi tí ìdúró ṣì ṣeé ṣe. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín kí wọn má ṣe tijú láti wí pé, “Nǹkan kò dára, ẹ gbà mí.” Ẹ̀yin èrò, bí ẹ bá gbọ́ ohun tí kò tọ́, ẹ wí i bí ìyá àgbà nì ti wí i, bí awakọ̀ kò bá sì gbọ́, ẹ ní kí ó sọ̀ yín kalẹ̀. Ó sàn kí a pẹ́ dé ilé ju kí a máà dé mọ́ lọ.