Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Òrùka tí Kò Lè Dúró

Ní ọdún 1970 ni Larry Niven ará Amẹ́ríkà, akọ̀wé-kọ-wúrà tí í fi gègé dá àrà mérìíyìírí, gbé ìwé Ringworld jáde, nínú èyí tí ó ti ṣàpèjúwe òrùka gbàǹgbà kan tí ó yí ìràwọ̀ po, tí ó jìnnà sí i bí ayé wa ti jìnnà sí oòrùn, tí àìmọye ẹ̀dá sì fi ṣe ibùgbé.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nígbà tí àwọn olólùfẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ péjọ sí ìlú Boston ní ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ń ké kiri inú òtẹ́ẹ̀lì pé òrùka náà kò lè dúró. Òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Bí odindi òrùka bá fi díẹ̀ péré yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ìhà tí ó súnmọ́ ìràwọ̀ ni agbára òòfà yóò fà jù, yóò sì máa sún lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi forí sọ ọ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì James Clerk Maxwell ti fi ìṣirò fi irú rẹ̀ hàn ní 1859, nígbà tí ó ń wádìí òrùka tí ó yí pílánẹ́ẹ̀tì Saturn po.

Ìwà Niven wú mi lórí púpọ̀, nítorí kò bínú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó kọ The Ringworld Engineers, ó ní àwọn tí ó mọ òrùka náà ti de ẹ́ńjìnnì mọ́ etí rẹ̀ kí ó má baà yẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan tú wọn lọ fi wa ọkọ̀ òfuurufú. Láti ibẹ̀ ni wàhálà inú ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀.